Ọkọ̀ Máàsì tí àpótí rẹ̀ ń dorí kodò: ìròyìn iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú

Ríwáyà ọkọ̀ ni mí ní Ìkòròdú. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí kì í ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ tí à ń wọ̀ lọ sí Ṣábọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó kángun sí tèmi, lójú ọ̀nà Igbógbò, ni wọ́n ti ṣe é. Olùkọ́ físíìsì kan ló gbé iṣẹ́ náà wá. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ó fẹ́ kọ́ ẹ̀dà Opportunity, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà tí Amẹ́ríkà rán lọ sórí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì. Kò fẹ́ èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó fẹ́ èyí tí yóò rìn, tí yóò gun òkúta, tí yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láìṣubú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí mú jáde ni ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dúró digbí nílẹ̀, ṣùgbọ́n tí àpótí àárín rẹ̀ ń dorí kodò kété tí èèyàn bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí ó dá mi lójú pé ẹlòmíì yóò dán irú rẹ̀ wò, yóò sì kan ibi tí àwa náà kàn yìí.

Mo bi Tíṣà pé kí ló dé tó fi jẹ́ Opportunity ló mú. Ó ní nítorí iná ni. Curiosity tó balẹ̀ sórí Máàsì ní 2012 àti Perseverance tó balẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2021, ooru plutonium, irin kan tó ń gbóná fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe iná tiwọn, ta ni yóò sì bá wa wá ìyẹn rà? Opportunity àti ìkejì rẹ̀, Spirit, páńẹ́ẹ̀lì sólà ló wà lẹ́yìn wọn, irú èyí tó ti gba òrùlé àdúgbò wa kan báyìí. Oṣù kìíní ọdún 2004 ni àwọn méjèèjì balẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ti Máàsì ni wọ́n ṣètò pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ṣiṣẹ́. Opportunity ń rìn lọ títí di oṣù kẹfà ọdún 2018, nígbà tí ìjì eruku bo oòrùn mọ́ ọn lójú, ó sì ti rin kìlómítà 45 ó lé díẹ̀ kó tó dákẹ́. Tíṣà kì í sọ ìtàn yìí kí ojú rẹ̀ má tàn.

Wàyí o, ilé-iṣẹ́ JPL tó kọ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fún NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ní Pasadena ní ìpínlẹ̀ California, ti gbé àwòrán ìkọ́lé ọkọ̀ kékeré kan síta lọ́dún 2018, kí ẹnikẹ́ni tó bá wù lè kọ́ ọ nílé. Gbogbo ohun èlò rẹ̀ nígbà náà kò ju nǹkan bí 2,500 dọ́là lọ. Tíṣà sọ ọ́ di náírà, ó pa kọ̀ǹpútà dé, kò sì tún ṣí i mọ́. Owó ló lé e kúrò nídìí àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni àwòrán fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò padà já sí.

Dípò ìyẹn, fọ́tò Opportunity ni ó kó jọ, iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, ó tẹ̀ wọ́n sórí ìwé, ó sì kó wọn fún Ọ̀gá Wẹ́dà. Ọkọ̀ gidi náà gùn tó mítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 26 láti etí dé etí. Wọ́n dín tiwọn kù. Páìpù omi ìdọ̀tí, oníńṣì mẹ́fà, tí àwọn púlọ́ńbà máa ń rì sínú ilẹ̀, ni wọ́n gé fi ṣe ẹsẹ̀, ìyẹn sì fún wọn ní sẹ̀ǹtímítà 16. Wọ́n kan pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ara páìpù náà yípo, kí ó lè máa di ilẹ̀ mú. Sikúwẹ́ẹ̀ páìpù ni wọ́n fi ṣe apá, bíárín ọ̀kadà ni wọ́n fi sí oríkèé, wọ́n ra mọ́tò wáìpà tòkunbọ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì, wọ́n sì gbé bátìrì UPS oní-fóltì 12 sínú àpótí. Gbogbo rẹ̀ tó ọgbọ̀n kílò. Mo gbóríyìn fún iṣẹ́ ọwọ́ Wẹ́dà níbi oríkèé wọ̀nyẹn. Ẹ ò rí bí ó ṣe ń yọ̀ geere láìmì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ẹsẹ̀ náà díẹ̀, torí láìsí i, ìyókù kò ní í yé ẹni. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Lápá kọ̀ọ̀kan, irin ńlá kan gbé ẹsẹ̀ iwájú. Ní ìdí irin ńlá yìí ni irin kékeré kan so mọ́, òun ló gbé ẹsẹ̀ àárín àti ti ẹ̀yìn, ó sì lè mì sókè sódò fúnra rẹ̀. Kò sí sípíríìnì rárá, kò sì sí ṣọ́ọ̀kì. Bí ẹsẹ̀ kan bá gun òkúta, oríkèé yóò tẹ̀, àwọn ìyókù yóò sì wà nílẹ̀. Donald Bickler, ẹnjiníà kan ní JPL, ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Òun ni wọ́n fi sábẹ́ Sojourner tó rìn lórí Máàsì lọ́dún 1997, òun náà sì ni wọ́n ń lò títí di Perseverance. Gbogbo èyí hàn kedere nínú fọ́tò, Wẹ́dà sì dà á kọ láìṣe àṣìṣe kankan.

Irin ńlá ti òsì àti ti ọ̀tún, àwọn méjèèjì ló gbé àpótí. Oríkèé kan níhìn-ín, oríkèé kan lọ́hùn-ún, bíárín sì wà nínú méjèèjì. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni kò ní í jẹ́ kí àpótí yí po lórí oríkèé méjèèjì? Ìbéèrè yẹn ni ẹnikẹ́ni kò bèèrè títí dìgbà tí wọ́n gbé ọkọ̀ sílẹ̀, tí imú àpótí sì gbá ilẹ̀ gbàgà.

Tíṣà ní bátìrì ló wúwo jù níwájú. Ó gbé e sẹ́yìn, àpótí sì ṣubú sẹ́yìn. Ó gbé e sí àárín gan-an, ó ń fi ìka tì í díẹ̀díẹ̀ síbí sọ́hùn-ún, títí tí àpótí fi dúró. Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan gbé fóònù sórí òpó kámẹ́rà kó lè ya fọ́tò, àpótí tún dorí kodò, fóònù sì fò lọ. (Gíláàsì rẹ̀ fọ́. Tíṣà ló san án.) Ìdí rẹ̀ kò ju pé ẹrù tó wà lókè oríkèé pọ̀ ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá so bátìrì rọ̀ sí abẹ́, ìbá dúró, ṣùgbọ́n yóò máa fì lọ fì bọ̀ bí ọkọ̀ bá ṣe ń rìn, abẹ́ rẹ̀ yóò sì máa kọ lu òkúta.

Ọ̀gá Wẹ́dà kò fi ìyẹn ṣòfò àkókò. Ó gbé iná, ó jó oríkèé òsì pa, ó jó ti ọ̀tún pa. Àpótí dúró ṣinṣin.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ó rìn ni wọ́n pè mí, nítorí iná. Bí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú, kò sí wàhálà. Bí wọ́n bá ní kí apá òsì lọ síwájú kí apá ọ̀tún sì padà sẹ́yìn, kí ọkọ̀ lè yí, fíúsì yóò gé. Wọ́n ti fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì kí n tó dé (ẹni tó ṣe é ṣì wà láyé, mi ò ní í dárúkọ rẹ̀), bọ́ọ̀dù kan tó ń darí mọ́tò sì ti jóná, òórùn rẹ̀ ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ríwáyà èyíkéyìí yóò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó jókòó. Mọ́tò wáìpà kì í padà sẹ́yìn nínú ọkọ̀. Apá kan ló ń yí sí, ọ̀pá inú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di lílọ bíbọ̀. Nítorí náà, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti so nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ bọ́dì mọ́tò láti ilé-iṣẹ́, torí bọ́dì ọkọ̀ náà nẹ́gẹ́tíìfù ni. Mo yọ míítà, mo fi ẹnu kan kan wáyà dúdú, mo fi èkejì kan ara mọ́tò, míítà ń dún píí. Mo ṣe ti èkejì, píí. Ti ẹ̀kẹta náà, píí. Mọ́tò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n fi bóòtù dè mọ́ irin kan náà. Tí a bá wá ní kí apá kan padà sẹ́yìn, bọ́dì tiwọn yóò di pọ́sítíìfù, ti apá kejì sì jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, lórí irin kan ṣoṣo. Ẹ ti bíríjì bátìrì nìyẹn. Kò sí bọ́ọ̀dù tó lè gbà á.

Wọ́n lè fi rọ́bà àti wọ́ṣà oníkè ya mọ́tò kọ̀ọ̀kan kúrò lára irin, ṣùgbọ́n bóòtù kan péré tó bá kan irin, a tún ti padà síbẹ̀. Ohun tí mo gbà wọ́n nímọ̀ràn ni mọ́tò gíláàsì, èyí tó ń gbé gíláàsì ilẹ̀kùn ọkọ̀ sókè sódò. Òun ti mọ lílọ àti bíbọ̀ láti ilé rẹ̀ wá, wáyà rẹ̀ méjèèjì kò kan bọ́dì, ó sì ní gíà inú tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yí padà fúnra rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wà lórí òkè tí iná sì lọ, yóò dúró níbẹ̀. Kí ẹ ṣọ́ra nígbà tí ẹ bá ń rà á, ti ilẹ̀kùn òsì àti ti ọ̀tún kì í dọ́gba. Tíṣà ra mẹ́ta mẹ́ta, ó sì bọ́ sí i gan-an.

Iná ti parí. Mo ti ń palẹ̀ irinṣẹ́ mi mọ́ nígbà tí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù oníńṣì mẹ́fà sílẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ọkọ̀ gùn ún. Ẹsẹ̀ iwájú òsì gùn ún lóòótọ́. Àmọ́ ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún ti kúrò nílẹ̀, ó ń yí lófuurufú. Mo ti ọwọ́ mi bọ abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ kọjá. Wẹ́dà ní kò burú, ẹsẹ̀ márùn-ún ṣì wà nílẹ̀. Tíṣà kò dáhùn. Ó ń wò ó ṣáá, lẹ́yìn náà ló wá sọ pé: “Ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan yóò máa wà lókè, kí ni a ṣe mẹ́fà fún?”

Òótọ́ ni. Torí kí gbogbo ẹsẹ̀ lè wà nílẹ̀, kí ẹrù lè pín dọ́gba lórí wọn, ni wọ́n ṣe kọ́ irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jíjó tí Wẹ́dà jó oríkèé pa ti sọ ọ́ di tábìlì, tábìlì kì í sì í jókòó dáadáa lórí ilẹ̀ gbágungbàgun.

Wọ́n gé oríkèé ọ̀tún sílẹ̀ padà, wọ́n fi ti òsì sílẹ̀ ní jíjó. Èyí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ẹsẹ̀ padà sílẹ̀, àpótí kò sì ṣubú. Wẹ́dà ti ń nu ọwọ́. Ṣùgbọ́n Tíṣà ní ẹ̀rọ kan lórí fóònù tó ń wọn bí nǹkan ṣe dagun sí, ó tẹ́ ẹ sórí àpótí. Tí ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún bá gun búlọ́ọ̀kù, àpótí kò mira rárá, òdo ni. Tí ti òsì bá gùn ún, àpótí yóò gbé imú sókè ní dígírì 14, òpó kámẹ́rà yóò wo ojú ọ̀run, bátìrì yóò sì yọ̀ lọ gbá ẹ̀yìn. Apá òsì nìkan ló ń pàṣẹ fún àpótí. Gbogbo ẹrù tó bá fẹ́ dojú dé, apá òsì nìkan náà ló ń gbé e, irin rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ níbi jíjó.

Ibi tí a ti rí ìdáhùn ni àwòrán ọ̀fẹ́ tí Tíṣà pa dé lọ́jọ́ kìíní. Èmi ni mo ní kí a ṣí i, kì í ṣe torí mo gbọ́n, mo kàn fẹ́ wo bí wọ́n ṣe gba wáyà kọjá oríkèé. A ń wo wáyà lọ, Tíṣà bá na ọwọ́ sí irin kan tó dábùú orí àpótí, láti etí òsì dé etí ọ̀tún, tí wọ́n fi bóòtù kan ṣoṣo dè ní àárín gbùngbùn. Ó sáré lọ gbé fọ́tò Curiosity wá. Irin kan náà nìyẹn, ó nà gbalaja lórí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní: “Áà! Mo ti ń wo èyí láti ọdún pípẹ́. Mo rò pé ibi ìdìmú ni, tí wọ́n fi ń gbé e.”

Differential ni àwọn ẹnjiníà ń pè é. Àwa pè é ní irin ìdábùú. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le: òṣùwọ̀n ìgbàanì tó ní àwo méjì ni kí ẹ rò, tí ẹ wá dà á dùbúlẹ̀. Etí rẹ̀ òsì so mọ́ irin ńlá òsì, etí ọ̀tún so mọ́ ti ọ̀tún, àárín rẹ̀ sì wà lórí àpótí, ó lè yí. Bí apá òsì bá gbé iwájú sókè, yóò fa etí kan sẹ́yìn, èkejì yóò lọ síwájú, yóò sì tẹ iwájú apá ọ̀tún mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà sí àpótí. Àpótí fúnra rẹ̀ yóò wá dúró sí agbede-méjì àwọn méjèèjì. Kò lè dorí kodò, torí kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, irin ńlá méjèèjì ní láti yí sí apá kan náà, irin ìdábùú kò sì ní í gbà.

Ẹ ó bèèrè pé ṣé Opportunity kò ní in ni, tí kò fi hàn nínú fọ́tò? Ó ní in. Inú àpótí ni wọ́n kó o sí, gíà ni wọ́n fi ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ọ̀pá. Páńẹ́ẹ̀lì sólà sì tún bo orí rẹ̀. Ẹni tó bá da Opportunity kọ láti inú fọ́tò, ohun tó mú un dúró gan-an ni kò ní í rí. Ká ní Curiosity ni Tíṣà kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ sí, ó ṣeé ṣe kí Wẹ́dà ti bi í léèrè pé kí ni irin orí rẹ̀ yẹn wà fún. Àwọn ọmọ tó ń wá wòran sì rèé, òpó kámẹ́rà àti ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ni wọ́n máa ń rí. Bàbá kan tó ń kọjá lọ ilé ní tirẹ̀ bèèrè bóyá ó lè gbé gálọ́ọ̀nù omi.

Nípa ṣíṣe irin ìdábùú, n óò lọ́ra díẹ̀, torí òun ni ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ nílò jù. Pẹlẹbẹ irin tó nípọn, tó gùn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà, ni Wẹ́dà gé. Ó lu àárín rẹ̀, ó fi bíárín sí i. Ìṣòro wà ní etí méjèèjì. Irin ìdábùú ń yí ní ìdùbúlẹ̀, irin ńlá ń yí ní òòró. Bóòtù lásán kò lè so méjèèjì pọ̀, yóò há tàbí kó gé. Ó gba ohun tó lè yí síbi gbogbo. Wẹ́dà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó gba línkéèjì méjì bọ̀, àwọn ọ̀pá kékeré olórí róbótó tó máa ń wà nítòsí táyà iwájú ọkọ̀ kéékèèké, tó so irin ìdúróṣinṣin ọkọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Orí rẹ̀ méjèèjì ń yí bó ti wù ú. Ohun tó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn lójú mi, àwòrán JPL kò sì sọ ọ́ fún un.

Línkéèjì tòkunbọ̀ ni, kò sì gùn tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó ní láti gé e ní àárín, kó sì jó irin mọ́ ọn. Níbí, ẹ ṣọ́ra. Ike wà nínú orí róbótó yẹn, bí ooru bá dé ibẹ̀, yóò yọ́, línkéèjì yóò sì máa mì jẹgẹjẹgẹ. Wẹ́dà fi àkísà rírin wé orí méjèèjì, ó jó o díẹ̀, ó dúró, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ da omi sí àkísà, ó tún jó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi okùn wọn òsì àti ọ̀tún. Ti òsì fi bí ìbú ìka gùn ju ti ọ̀tún lọ. Wọ́n kọ́kọ́ fi í sí i bẹ́ẹ̀, àpótí kò ṣubú, àmọ́ ó tẹ orí ba díẹ̀ kódà lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Wọ́n gé e, wọ́n tún un jó, ó dọ́gba.

Wọ́n gé oríkèé òsì sílẹ̀. Oríkèé méjèèjì ti padà di òmìnira, Tíṣà sì fi ọwọ́ méjèèjì há àpótí mọ́lẹ̀, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Wẹ́dà ní, “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre.” Ó fi í sílẹ̀. Àpótí dúró. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ òsì, ẹ̀rọ orí fóònù kọ 7. Wọ́n gbé e sábẹ́ ọ̀tún, ó kọ 7. Wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù sábẹ́ iwájú òsì àti sábẹ́ ẹ̀yìn ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà nílẹ̀, àpótí kò sì fi bẹ́ẹ̀ mira. Ọ̀gá Wẹ́dà lọ mú ìjókòó rẹ̀ wá, ó jókòó sí i, ó sì ní kí wọ́n tún un ṣe kí òun rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé e lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó yanrìn tí wọ́n wa lábẹ́ ọ̀sà sílẹ̀ fún títà. Yanrìn gbígbẹ ló wà lókè, rírọ̀ ni. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ fẹ́ kí ó sáré. Mọ́tò gíláàsì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ẹsẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mítà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé òpin, ẹsẹ̀ ń da yanrìn sẹ́yìn, ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, ó ń rì. Tíṣà gba rìmóòtù, ó dín in kù títí tó fi dà bíi pé kò lọ rárá, ọkọ̀ sì yọ ara rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Opportunity gidi kò lè ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kò sí ẹni tó lè wà á bí ọkọ̀ ìṣeré níbẹ̀, torí ìròyìn láti Máàsì máa ń gba ìṣẹ́jú 3 sí 22 kó tó dé ayé, bí pílánẹ́ẹ̀tì méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó. Kí ẹni tó wà ní California tó rí i pé ọkọ̀ ń rì, ó ti rì. Spirit rì sínú yanrìn rírọ̀ lọ́dún 2009 lóòótọ́, kò sì jáde mọ́.

Níbẹ̀ náà ni ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún tiwa kú. Wáyà ló gé. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó so ó ti fà á le ṣinṣin mọ́ irin, ó sì lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí oríkèé bá tẹ̀ ni wáyà ń nà, títí tí okùn bàbà inú rẹ̀ fi já. Ẹ jẹ́ kí wáyà tó bá ń kọjá oríkèé ká lẹ́ẹ̀kan kó tó lọ. A kò mú àyán tí a fi ń jó wáyà pọ̀ lọ, nítorí náà Tíṣà ní kí ọkọ̀ máa fi ẹ̀yìn rìn, kó máa wọ́ ẹsẹ̀ tó kú lẹ́yìn. Mo rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Ohun tí wọ́n ṣe fún Spirit gan-an nìyẹn nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ọ̀tún kọṣẹ́ ní 2006. Ẹsẹ̀ tó ń wọ́ yẹn ń la ilẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn, ní 2007 ó sì hú ilẹ̀ funfun kan jáde tó kún fún sílíkà, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì. Àwọn onímọ̀ rí i níbẹ̀ pé omi gbígbóná tàbí oru omi ti wà lágbègbè náà láyé àtijọ́. Tiwa hú ìkarahun àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo náà wà. Lórí Máàsì, ohun gbogbo kò wúwo ju 38 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ níbí. Opportunity tó jẹ́ kílò 185 níbí, bí ohun kílò 70 ló ṣe ń tẹ yanrìn níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ dán ẹsẹ̀ wò níbí gbọ́dọ̀ dín ẹrù kù. JPL ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Scarecrow, ẹsẹ̀ Curiosity ni wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀, wọn kò fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí i, wọ́n ṣe é fúyẹ́ kó lè tẹ ilẹ̀ ayé bí Curiosity ṣe ń tẹ ti Máàsì. Mo sọ èyí torí Tíṣà ti ń rò ó láti pààrọ̀ sikúwẹ́ẹ̀ páìpù sí alumíníọ̀mù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kó fi irin náà sílẹ̀. Wẹ́dà mọ irin jó dáadáa; alumíníọ̀mù gba ẹ̀rọ mìíràn àti ọwọ́ mìíràn, owó tí yóò ná sórí rẹ̀ yóò tó ra ohun tó kù.

Ohun tó kù ni yíyí. Títí di ìsinsìnyí, apá òsì àti ọ̀tún ni ó fi ń yí, èyí tó ń fa ẹsẹ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀, tó sì ń lọ́ àwọn irin kékeré. Lára Opportunity, ẹsẹ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní mọ́tò tirẹ̀ tó ń darí rẹ̀, ti àárín méjèèjì nìkan ni kì í yà, ọkọ̀ sì lè yí po lójú kan láìfa ẹsẹ̀ kankan. Tíṣà ti gbé mọ́tò mẹ́rin wá. Wẹ́dà kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Ó ní àwòrán inú oríkèé náà ni òun fẹ́ rí, kì í ṣe fọ́tò, Tíṣà sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún un lọ́wọ́lọ́wọ́. Nọ́ọ̀tì línkéèjì ọ̀tún náà máa ń tú bí ọkọ̀ bá ti rìn fún ìgbà díẹ̀. Nọ́ọ̀tì olórọ́bà la ó fi rọ́pò rẹ̀.